Ọ̀sẹ̀ Tí Àjọ Ooru Kàn Wọ́n

Orí àtẹ̀gùn ni Oyèwùmí wà nígbà tí fóònù ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò fẹ́ dúró. Ẹni tó bá fi ọ̀pá ooru pamọ́ sábẹ́ kóòtù kì í dúró lójú àtẹ̀gùn lọ́sàn-án gangan, nítorí òfin ìlú Àríwá Kẹta kò mọ ohun tó ń jẹ́ àjọ. Lójú òfin, ooru ẹnìkan kò gbọdọ̀ dé ilé ẹlòmíràn àfi tó bá gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta ooru kọjá, kí ilé-iṣẹ́ sì kọ́kọ́ bù jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí orúkọ tó yọ lójú fóònù, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Alàgbà Òjéwálé ló ń pè láti Ṣakí, àbúrò màmá ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé Fadérera ò sí nítòsí?"

Bàbá náà kò tiẹ̀ kí i. Láyé ìgbà tí nǹkan ṣì dáa, Òjéwálé lè fi ìdajì wákàtí béèrè àlàáfíà ilé, iṣẹ́, ẹsẹ̀ tó ń dun èèyàn lọ́dún mélòó sẹ́yìn, kó tó dé orí ohun tó torí ẹ̀ pè.

"Ó wà lókè nínú ilé, sà. Orí àtẹ̀gùn lèmi wà. Ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Kú ọ̀sán. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan?"

"Kò gbọ́, sà."

"Kò gbọdọ̀ gbọ́ o, Oyèwùmí. Aboyún tó ti wọ oṣù ìbí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kó bí ná. Kí àwọn àgbà obìnrin jókòó tì í lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n dì í mú dáadáa, kí wọ́n tó la ẹnu. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ti sọ fún mi."

"Mo tún ń sọ ọ́ ni. Wàyí o, òtútù ti ń tán lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ni yàrá òkú tá a gbé e sí ní tó bá fi máa di Sátidé tí kò sí òtútù tuntun, àwọn á gbé ẹ̀gbọ́n mi síta. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kọ̀ tí kò jà mọ́, o mọ bí oòrùn Ṣakí ṣe rí. Àwa tá a wà láàyè gan-an, ara wa ń bó. Ká má wá sọ ti..."

Oyèwùmí fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ògiri náà tutù débi pé ó la kóòtù kọjá, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí o. Kí ló dé tí ẹ ò kàn sin wọ́n?"

"Kí n sin ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tí kò bímọ? Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Lọ́jọ́ tí Fadérera bá padà wá sílé, tó ní kí n fi ìyá òun han òun, òkìtì ilẹ̀ ni kí n nàka sí?"

Ṣáájú ọdún tuntun ni Màámi kú. Ooru ló pa á. Ẹ̀rọ tó ń fún yàrá rẹ̀ ní òtútù dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti lọ. Òtútù tí wọn ò rí rà fún un nígbà tó wà láàyè ni wọ́n wá ń rà fún òkú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ooru fún àwọn tó wà nínú yìnyín náà ló ń ta òtútù fún àwọn tó wà nínú oòrùn. Èyí tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ẹnìkan níhìn-ín ni wọ́n á tà fún ẹnìkejì lọ́hùn-ún, àwọn nìkan ni ara wọn ò tutù tí kò sì gbóná.

"Ohun kan tún wà," Òjéwálé sọ, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Mo fi ohùn ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ láàárọ̀ yìí."

"Ohùn ta ni, sà?"

"Ti Màámi. Èyí tó sọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá. Ọmọ kan wà ládùúgbò tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gé e tí á fi bá ọjọ́ òní mu. Ìbéèrè ìyàwó rẹ ti pọ̀ jù. Ojoojúmọ́ là ń sọ pé Màámi ń sùn, ojoojúmọ́ là ń sọ pé ọ̀fun ń dùn wọ́n. Kí ni kí n ṣe?"

Oyèwùmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn téèyàn ń sọ fún àgbà, ó sì pa fóònù. Inú ń bí i. Inú ń bí i sí bàbá náà, sí ilé-iṣẹ́, àti sí ara rẹ̀ jù gbogbo wọn lọ. Ó tún ọ̀pá inú kóòtù rẹ̀ gbá mú, ó sì ń gun àtẹ̀gùn lọ.

Ọ̀pá náà kò ju ìka àárín lọ, irin dúdú lásán ni. Ooru ìdílé mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ló kan Oyèwùmí àti Fadérera láti kó àjọ, àwọn ìdílé mẹ́sàn-án yòókù sì wà nínú yàrá wọn báyìí pẹ̀lú kóòtù àti ìbọ̀sẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń mí èéfín funfun síra wọn lójú. Lẹ́yìn ibi ìfọṣọ ni Ìyá Ṣówándé tó ń gba àjọ jọ ti fi ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà kò torí owó ṣe é. Ó kàn fẹ́ràn kí nǹkan máa lọ bó ṣe yẹ ni. Ó ní, "Ẹ kú oríire. Ẹ jẹ́ kí wolé-wolé wá lọ́la kó wá wò ó. Ojú á tì í."

Ìbẹ̀wò wolé-wolé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ilé tí kò bá gbóná tó ìwọ̀n méjìdínlógún lọ́jọ́ tí wolé-wolé bá wá wò ó, ọmọ tuntun kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Láti ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ti máa gbé ọmọ náà lọ sí Ilé Ìṣọ́mọ, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí yìnyín yóò fi yọ́. Wọ́n gbé Kúnmi, ọmọ ìyá tó ń gbé lókè wọn, lọ bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ọmọ náà rí ìyá rẹ̀, ó sì fi igbe ta. Ìyá Kúnmi máa ń sọ ìtàn náà tẹ̀ríntẹ̀rín, àwọn tó ń gbọ́ ọ kì í sì í lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí Oyèwùmí ṣílẹ̀kùn, Fadérera wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ooru, ó fi kúbùsù méjì bo ikùn. Yìnyín ti dì mọ́ gíláàsì fèrèsé láti inú, kì í ṣe láti ìta nìkan. Iná ojú àpótí ń tàn ní àwọ̀ òféfèé, ìwọ̀n mẹ́sàn-án.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ṣé ẹ rí i gbà?"

Ó yọ ọ̀pá náà síta, ó fi lé ọwọ́ rẹ̀. Fadérera gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin náà tutù bíi gbogbo irin tó kù, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí Oyèwùmí ti rí ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

"Ẹ jókòó. Màámi ti sọ̀rọ̀!" Ó tẹ fóònù rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó bọ́ ìbọ̀wọ́.

Ohùn Màámi kún inú yàrá. Kò sí àníàní pé òun ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ lọ, bíi ẹni tó ń fà á kó má tán. "Fadérera ọmọ mi, ara mi le, a dúpẹ́. Ooru yìí náà ló kàn ń yọ mí lẹ́nu. Mi ò lè sùn. Ṣùgbọ́n má dà mí rò, tọ́jú ara rẹ àti ọkọ rẹ."

Oyèwùmí tẹ́tí sí òkú tó ń sọ̀rọ̀ náà. Ó ronú pé Òjéwálé ì bá ti ní kí wọ́n gé gbólóhùn ooru yẹn kúrò. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n gé tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣèèṣì fi í sílẹ̀. Àbí ó ṣèèṣì ni? Bóyá wọ́n kàn ń wá ibi tí Màámi ti dárúkọ ọkọ ọmọ rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè mọ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ?" Fadérera ti ń nu ojú. "Wọn ò rí oorun sùn. Wọ́n á sì tún ní ká má da àwọn rò! Ẹ jẹ́ ká fi ìdajì ránṣẹ́ sí wọn."

"Ìdajì kí ni?"

"Ìdajì ọ̀pá yìí. Tó bá dé Ṣakí, á di òtútù, á tó wọn lò dáadáa."

"Derà, wolé-wolé ń bọ̀ lọ́la."

"Mo mọ̀. Mo ti rò ó. Ìdajì á gbé wa dé mẹ́rìnlá, tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ pe Ìyá Kúnmi àtọkọ ẹ̀, ẹ pe àwọn tó wà nísàlẹ̀, kí gbogbo wọn wá jókòó síbí láàárọ̀. Èèyàn mẹ́wàá nínú yàrá kan! Ẹ ò rántí bó ṣe máa ń rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Afin?"

"Àpótí yìí mọ ooru ara yàtọ̀ sí ooru tí wọ́n rà. Á yọ ti ara kúrò. Gbogbo èèyàn ló ti dán an wò."

"Kí ló wá kù? Kí n máa wo ìyá mi níran?" Kò pariwo. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá a sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú yìí ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. "Ọmọ wa, tí wọ́n bá tiẹ̀ gbé e lọ, wọ́n á dá a padà. Màámi ńkọ́? Ta ni yóò dá wọn padà?"

Gbólóhùn kan péré ló máa parí àríyànjiyàn yìí, ó wà lórí ahọ́n Oyèwùmí, ó wúwo bíi òkúta. Tó bá sọ ọ́, ooru á dúró sílé, ọmọ á wálé. Àmọ́ ó wo ikùn ìyàwó rẹ̀, ó wo yàrá náà yíká, kò sí àgbà obìnrin kankan níbẹ̀ tó lè dì í mú. Ó ti gbọ́ nípa àwọn obìnrin tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá nínú oyún, tí wọn ò sì bí mọ́. Ó bẹ̀rù. Kò ní irọ́ tó lè tó èyí tí Òjéwálé ti pa sílẹ̀.

"Kò burú," ó sọ. "Ìdajì."

Ó mọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ pé òtútù òkú ni òun fẹ́ fi ọmọ òun rà. Ó ń ronú pé bóyá òun á rí ooru yá níbìkan kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ní.

Fadérera dúpẹ́ títí. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ikùn kò jẹ́. Ó ti ọ̀pá náà bọ ihò ara àpótí, àpótí sì jí.

"Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé," ni àpótí wí. Ọ̀sán ni o, ṣùgbọ́n kò sí àsìkò tí kò kí wọn bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ti ra èdè gbogbo ará ìlú, wọn ò ra àkókò tí wọ́n ń lò ó mọ́ ọn. "Mo rí ooru púpọ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ kó lọ. Èyí tó bá máa dúró nílé, ohùn ẹnìkan tó. Èyí tó bá máa lọ sẹ́yìn odi, mo fẹ́ gbọ́ ohùn tọkọtaya."

"Ìdajì fún ilé," Fadérera sọ. "Ìdajì fún Ṣakí, yàrá Màámi." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Òjéwálé ní wọ́n ti gbé wọn lọ sí yàrá tó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fi àdírẹ́sì ẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ohùn yẹn. Mo ti fi sínú àpótí."

Kí Oyèwùmí tó lè ronú kan ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè bí, àpótí ti ń dáhùn.

"Mo ti rí yàrá náà. Ìwọ̀n mẹ́rin ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ yóò gbé e ró ní ìwọ̀n mẹ́rin títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

"Mẹ́rìnlélógún ló fẹ́ sọ," Fadérera wí. "Tún un sọ."

"Ìwọ̀n mẹ́rin."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ìranù! Ta ló ń sun inú ìwọ̀n mẹ́rin? Àwa tá a wà nínú yìnyín, mẹ́sàn-án là ń sùn, eyín wa ń gbá ara wọn. Àgbàlagbà! Ṣé wọ́n fẹ́ pa màmá mi ni? Ẹ pe Bàbá Òjéwálé, ọkọ mi, ẹ ní kí wọ́n..."

Ó ti rí ojú ọkọ rẹ̀.

Ojú náà kò ní ibi tó lè sá sí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí Oyèwùmí ti ń fi ojú yẹn pamọ́, ó ń yí i sí ògiri, ó ń fi fìlà bò ó, àmọ́ nísinsìnyí tó yẹ kó fi í pamọ́ jù, kò rí agbára ẹ̀ mọ́.

"Oyèwùmí," ni obìnrin náà pè. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kò pe orúkọ náà rí. "Láti ìgbà wo?"

"Derà, jọ̀ọ́, jókòó."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ṣáájú ọdún tuntun."

"Ohùn àárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Ti ọdún tó kọjá ni. Wọ́n gé e ni. Àwọn àgbà ló ní kí n má sọ, nítorí oyún. Wọ́n ní tó o bá bí tán..." Ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu òun, kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Fadérera kò sunkún. Oyèwùmí ti múra sílẹ̀ fún igbe, ó ti ń rìn lọ láti dì í mú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n Fadérera na ọwọ́ kan síwájú, ó sì dá a dúró. Ó fi ọwọ́ kejì gbá ojú àpótí mú bíi ẹni tó fẹ́ gbé ìkòkò.

"Gbogbo rẹ̀," ó sọ fún àpótí. "Fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ṣakí."

"Mo ti gbọ́ ohùn kan," ni àpótí wí. "Mo ń retí ohùn kejì."

"Sọ ọ́," Fadérera wí, kò wo ọkọ rẹ̀. "Sọ pé o gbà."

"Wọ́n á gbé ọmọ lọ."

"Kí wọ́n gbé e lọ. Tí yìnyín bá yọ́, a ó gbà á padà, èmi á sì wọ ọkọ̀ lọ sílé lọ sin ìyá mi. Kí wọ́n má jẹ́ kó rà kí n tó dé. Ìyá tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n mí! Mi ò bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, mi ò rí ojú rẹ̀, àwọn tó gé ohùn rẹ̀ nìkan ló rí i. Ta ni yóò da yẹ̀pẹ̀ sí i? Ta ló tún bí yàtọ̀ sí mi?"

Oyèwùmí mọ gbogbo ohun tó kù tí kò sọ. Ọkọ̀ òfuurufú kò ní gbé e báyìí pẹ̀lú oyún. Ẹni tó bá sì fi ìlú sílẹ̀ kí yìnyín tó yọ́, yàrá rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá fi gbogbo ọ̀pá yìí ránṣẹ́, á gbé òkú náà dúró títí di ìparí oṣù. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Àjọ kò ní kàn wọ́n mọ́ títí òtútù ọdún yìí á fi tán. Àwọn tó ni yàrá á gbé Màámi síta náà ni, ọmọ á sì ti lọ. Ó fẹ́ sọ gbogbo èyí fún un. Nígbà tó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó mọ̀ ọ́n ju òun lọ.

"Mo ń retí ohùn kejì," ni àpótí tún wí.

Kò sẹ́ni tó lè bá a sọ ọ́. Òjéwálé kò sí níbẹ̀, àwọn àgbà obìnrin kò sí níbẹ̀. Oyèwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Gbogbo rẹ̀ fún ilé," ó sọ. "Má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Jẹ́ kó dúró síbí."

"Ẹ ṣeun," ni àpótí wí. "Ooru ti wọlé. Ohun tó bá ti wọlé kò ṣeé dá padà."

Páìpù inú ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í kan kó, kó, kó. Kò pẹ́ rárá. Iná ojú àpótí kúrò ní òféfèé, ó di pupa, yìnyín ojú gíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí ilẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Irú ooru bẹ́ẹ̀ kò wọ yàrá náà rí láti ìgbà tí òtútù ti dé. Ó ń gba abẹ́ aṣọ wọlé sí èèyàn lára, ó ń wá egungun kiri. Inú Oyèwùmí kò lè ṣe kó má dùn sí i, ojú sì tì í pé ara òun lè máa yọ̀ nírú àkókò yìí.

Fadérera dìde. Kò bọ́ kóòtù. Ó tún bọ́tìnì ọrùn rẹ̀ dè, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ kọjá, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ló ti rọra jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹsẹ̀ méjèèjì nà síwájú.

Oyèwùmí tẹ̀lé e jáde. "Derà, jọ̀ọ́. Wá wọlé. Ó ti gbóná."

"Jókòó nínú rẹ̀. Ìwọ lo rà á."

Ó wọlé lọ, ó gbé kúbùsù wá. Kò gbà á. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà sì jókòó sílẹ̀, kò jìnnà sí i, kò sì fara kàn án. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ooru ìdílé mẹ́wàá ń yíra nínú yàrá tí kò sí ẹnìkankan.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Fadérera ní, "Pè wọ́n. Ní kí wọ́n sin ín kó tó rà."

Ó pe Ṣakí. Òjéwálé gbé e kíá. "Ṣé òtútù ti ń bọ̀?"

"Kò ní wá, sà. Ẹ sin wọ́n."

Oyèwùmí ń gbọ́ ariwo ewúrẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, àti ohùn ẹnìkan tó ń polówó omi tútù.

"Ó ti gbọ́?"

"Ó ti gbọ́, sà."

"Áà. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Àwọn wo ló dì í mú?"

Oyèwùmí wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lọ, ó wò ó bọ̀. Ilẹ̀kùn gbogbo ilé ló wà ní títì, àkísà wà lábẹ́ wọn kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. "Èmi, sà."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan, sà."

Òjéwálé kò bú u. Ó yẹ kó bú u, ì bá sàn díẹ̀. Ó kàn ní òun á pe àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó sì pa fóònù. Fadérera ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń fi àtàǹpàkò ra ibì kan lára rẹ̀, bóyá ibi tí ọmọ ti ń tàpá. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Oyèwùmí wo ètè náà, ó ń ronú pé òun ti gba ọmọ náà là, ó sì ń retí pé kí ọkàn òun sọ fún òun pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń gun òkè bọ̀. Ìyá Kúnmi ni, ó gbé garawa omi tó ti ń dì, ó fi ìborùn wé orí àti imú débi pé ojú nìkan ló yọ. Òun náà wà nínú àwọn mẹ́sàn-án tó wà nínú òtútù nítorí wọn. Nígbà tó dé iwájú ilẹ̀kùn wọn, ooru tó ń jáde kọ lù ú, ó dúró, ó fa ìborùn wálẹ̀ kúrò ní imú, ó sì di ojú.

"Háà! Ẹ wo nǹkan! Ẹ kú oríire o! Ọmọ ti délé nìyẹn!" Ó la ojú, ó sì wá rí wọn nílẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí lẹ wá ń ṣe níta? Ṣé kò sí nǹkan o?"

Oyèwùmí ń wá ohun tó máa sọ. Fadérera ti gbé ojú sókè ṣáájú rẹ̀, ó tún ọrùn kóòtù rẹ̀ ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá náà bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àgbà.

"Kò sí nǹkan kan, mà," ó wí. "Ooru ilé yìí ló mú wa jù. A ní ká gba atẹ́gùn díẹ̀ sára."

Ìyá Kúnmi bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi ta sílẹ̀ nínú garawa rẹ̀. Ó ní àwọn tí nǹkan ń dùn mọ́ kì í tiẹ̀ mọ̀, pé ẹ jẹ́ kó kan òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun náà á wá fi yangàn fún wọn. Ó gbàdúrà fún Fadérera, pé wẹ́rẹ́ ni yóò bí, pé àti ìyá rẹ̀ nílé àti òun fúnra rẹ̀ ni yóò jọ tọ́ ọmọ náà.

"Àmín, mà," Fadérera wí. "Ẹ ṣeun, mà."

Ìyá Kúnmi tún ìborùn rẹ̀ fà sókè, ó gbé garawa, ó sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sílé tirẹ̀.